Ìtọ́sọ́nà: Bí A Ṣe Ń Mọ Dìréélà Iwájú Tí Férémù Kẹ̀kẹ́ Yóò Gbà

Dìréélà iwájú ni ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ tó ń gbé ṣéènì láti orí àwo eléyín kan lọ sórí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye: àgò irin kékeré kan ni, ṣéènì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ bá ti ọwọ́ gíà, wáyà yóò fa àgò náà síta, àgò yóò sì ti ṣéènì gun àwo ńlá. Bí wáyà bá dẹ̀, sípíríǹgì inú rẹ̀ yóò dá àgò padà sínú, ṣéènì yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sórí àwo kékeré. Ibi tí ẹ̀yà náà ti ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Oríṣi ìso mẹ́rin ló wọ́pọ̀, wáyà lè gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àgò rẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀ ìdè tàbí kí ó bá ìdè dọ́gba, a sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ tiwa nínú gbogbo ìwọ̀nyí kí a tó náwó.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: férémù ló ń yan dìréélà, ẹni tó fẹ́ rà á kàn ń tẹ̀lé e ni. Orúkọ ilé-iṣẹ́ àti iye gíà, ẹ̀yìn ni wọ́n ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń yí ètò yìí po, tí wọ́n sì ń gbé dìréélà tuntun padà sínú páálí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Irinṣẹ́ tí ẹ nílò fún àyẹ̀wò kò pọ̀: rúlà, ìwé pẹlẹbẹ kan, bírò, àti kálípà bí ẹ bá ní in. Nígbà tó bá kan síso rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ ó fi àlẹ́ńkíì àti síkúrú-díráfà kún un. Bí férémù yín bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù, mo rọ̀ yín kí ẹ wá sípánà tó ń wọn agbára, nítorí ọwọ́ lásán kò mọ ìgbà tó yẹ kí ó dúró.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wo ara férémù dáadáa

Ẹ yí kẹ̀kẹ́ náà kí apá tí ṣéènì wà kọjú sí yín. Ẹ wo ọ̀pá ìjókòó, èyíinì ni ọ̀pá férémù tó ti abẹ́ ìjókòó sọ̀ kalẹ̀ tààrà dé ilé bẹ́árìn pẹ́dà. Apá ìsàlẹ̀ ọ̀pá yìí, ní ìwọ̀n bí àtẹ́lẹwọ́ méjì sókè láti ilé bẹ́árìn, ni ìdáhùn wà.

Bí ọ̀pá náà bá rí roboto, tí ó ń dán, tí kò sí ohunkóhun tó yọ jáde lára rẹ̀, dìréélà oníkíláǹpù ni férémù yín ń fẹ́. Kíláǹpù jẹ́ òrùka irin tó là sí méjì, tí a ń fi bóòtù kan dì yí ọ̀pá ká. Òun ló wọ́pọ̀ jù lórí kẹ̀kẹ́ onírin àti ti alumíníọ̀mù.

Bí ẹ bá rí etí irin kékeré kan tó yọ jáde lára ọ̀pá náà, tí ó tẹ̀ díẹ̀, tí ihò gígùn kan sì là á láti òkè sísàlẹ̀, braze-on ni wọ́n ń pe ìyẹn. Dìréélà tirẹ̀ kò ní òrùka. Bóòtù kan ṣoṣo ló fi ń so mọ́ etí náà, ihò gígùn yẹn ló sì ń jẹ́ kí a lè gbé e sókè tàbí kí a sọ ọ́ kalẹ̀. Orí kẹ̀kẹ́ eré ìje ló pọ̀ sí, pàápàá ti kábọ́ọ̀nù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀pá kábọ́ọ̀nù kì í rí roboto, òrùka kò sì ní lè gbá a mọ́ra.

Oríṣi kẹta ni E-type. Èyí kì í di ọ̀pá mú rárá. Pátákó irin pẹlẹbẹ kan ló ní, tí ihò ńlá wà láàárín rẹ̀, a sì ń fi ife bẹ́árìn pẹ́dà ti apá ọ̀tún há a mọ́ ara férémù. Ìyẹn ni pé kí a tó lè so ó, a gbọ́dọ̀ yọ apá pẹ́dà àti ife bẹ́árìn kúrò. Orí kẹ̀kẹ́ òkè (èyí tí a fi ń gun òkè àti ojú ọ̀nà tí kò dán) tó ní ṣọ́kì lẹ́yìn ni a ti sábà máa ń rí i, nítorí pé oríkèé ṣọ́kì lè jókòó sí ibi tí òrùka ì bá wà. Oríṣi E-type kan wà tí kò ní pátákó, tí ó kàn ń lo ihò bóòtù tí wọ́n ti lu sára férémù.

Ẹ̀kẹrin ni direct mount, tí bóòtù rẹ̀ ń lọ́ wọ ihò onídè tí férémù fúnra rẹ̀ ní. Ibi tí wọ́n ń lu ihò náà sí àti iye bóòtù rẹ̀ kì í dọ́gba láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì: ti Shimano àti ti SRAM kò jọ ara wọn, SRAM nìkan sì ní S1, S2 àti S3. Bí férémù yín bá jẹ́ irú èyí, ẹ wá orúkọ ìwọ̀n náà nínú ìwé tó bá férémù wá, kí ẹ sì ra èyí tó ń jẹ́ orúkọ yẹn gan-an. Àfojúdá kò wúlò níhìn-ín.

Ó ku ọ̀kan tó yẹ kí n sọ kí a tó kúrò níbẹ̀: ó lè jẹ́ pé férémù yín kò ní àyè fún dìréélà iwájú rárá. Láti ìgbà tí SRAM ti gbé XX1 jáde ní ọdún 2012, pẹ̀lú àwo kan ṣoṣo níwájú àti gíà 11 lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ òkè ni wọ́n ti ń ṣe láìní etí, láìní ihò, láìsí ọ̀nà wáyà. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fi ipá gbé àwo méjì sí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wọn ọ̀pá náà, ẹ má ṣe méfò

Ìgbésẹ̀ yìí jẹ́ ti àwọn tó ní ọ̀pá roboto. Ìdábùú mẹ́ta ni kíláǹpù ń ní: 28.6 mm, 31.8 mm àti 34.9 mm. Nọ́ńbà wọ̀nyí kò ṣàdédé wá. Ínǹṣì 1⅛, 1¼ àti 1⅜ ni wọ́n jẹ́ láti ìgbà tí ínǹṣì ni a fi ń wọn ọ̀pá kẹ̀kẹ́. Ọ̀pá irin àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ 28.6. Nígbà tí alumíníọ̀mù dé, ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, nítorí pé alumíníọ̀mù rọ̀ ju irin lọ, tí a bá sì fẹ́ kí ó le bí irin, a ní láti fẹ ọ̀pá náà sí i. Ìdí nìyí tí 31.8 àti 34.9 fi gbòde.

Bí ẹ bá ní kálípà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Bí ẹ kò bá ní, ẹ gé ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ fi yí ọ̀pá náà ká ní ibi tí kíláǹpù máa wà gan-an, kí ẹ fà á kí ó fún dáadáa, kí ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí etí rẹ̀ ti kan ara rẹ̀, kí ẹ wá tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ẹ ó rí ohun tó dùn mọ́ mi nínú jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí: àyíká ọ̀pá 28.6 jẹ́ nǹkan bí 90 mm, ti 31.8 jẹ́ 100 mm, ti 34.9 sì jẹ́ 110 mm. Àárín ọ̀kan sí èkejì tó mílímítà mẹ́wàá, nítorí náà bí ìwé yín bá tilẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, kò lè ṣì yín lọ́nà. Bí ohun tí ẹ rí bá jìnnà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀pá yẹn kì í ṣe ọ̀pá kíláǹpù, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní kí ẹ tún un wò.

Ẹ kíyè sí i pé mo ní ibi tí kíláǹpù máa wà gan-an. Àwọn ọ̀pá kan tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, wọ́n sanra nísàlẹ̀. Àwọn mìíràn a máa rí roboto lókè, kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀ wọ́n á ti fẹjú. Ìwọ̀n tí ẹ bá mú lábẹ́ ìjókòó kò jẹ́ ẹ̀rí fún ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dà.

Ohun tó sì burú ju ìyẹn lọ ni kí ènìyàn ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ìjókòó, èyí tí a ń fà sókè tí a ń tì bọlẹ̀. Mo sọ èyí nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Mo rí 31.6 lára irin ìjókòó mi, mo ní 31.6 àti 31.8, kí ni ìyàtọ̀ wọn, mo sì ra kíláǹpù 31.8. Nígbà tí mo gbé e dé ara ọ̀pá, ẹnu òrùka méjèèjì kò tilẹ̀ fẹ́ rí ara wọn. Irin ìjókòó ń wọ inú ọ̀pá ni, ara òde ọ̀pá sì ni kíláǹpù ń dì mú. Férémù tó ń gba irin ìjókòó 31.6 sábà máa ń jẹ́ 34.9 lóde.

Bí ẹ bá wà láàárín méjì, kíláǹpù 34.9 dára ju kékeré lọ, nítorí pé wọ́n máa ń ta púpọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ìbọ̀ pẹlẹbẹ tí a ń tẹ̀ sínú òrùka kí ó lè di 31.8 tàbí 28.6. Ńlá ṣeé sọ di kékeré, ṣùgbọ́n kékeré kò ṣeé fẹ̀.

Èwo ni ó lè rọ́pò èwo

Dìréélà braze-on ló ní àǹfààní jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé òrùka àsomọ́ kan wà tí ó ní etí braze-on lára tirẹ̀. A lè fi òrùka náà yí ọ̀pá roboto ká, kí a sì so dìréélà braze-on mọ́ ọn, yóò sì ṣiṣẹ́ bí oníkíláǹpù. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ra braze-on nígbà gbogbo, kí wọ́n lè gbé e láti orí férémù kan lọ sórí èkejì láìra ju òrùka tuntun lọ. Èmi náà fara mọ́ ọn fún kẹ̀kẹ́ títì.

Ìdàkejì rẹ̀ kò rọrùn. Bí etí braze-on bá wà lára ọ̀pá, òrùka kíláǹpù kò ní rí ibi jókòó sí, àfi bí etí náà bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi bóòtù tàbí ríbẹ́ẹ̀tì so, tó ṣeé yọ. Ẹ má ṣe fi fáìlì ha etí tí wọ́n jó mọ́ férémù kúrò.

E-type onípátákó lè bá férémù tí kò ní ihò kankan lára ọ̀pá lò, níwọ̀n ìgbà tí ilé bẹ́árìn pẹ́dà bá jẹ́ onídè, tí ife bẹ́árìn ń lọ́ wọ inú rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń tẹ bẹ́árìn wọlé lásán láìsí ìdè, kò sí ohun tí yóò há pátákó náà mọ́ra. Pátákó náà tún ní sísanra tirẹ̀, nítorí náà ó ń gba ipò òrùka àlàfo kan, èyíinì ni òrùka tí wọ́n ń fi sáàárín ife bẹ́árìn àti férémù. Lórí ilé bẹ́árìn tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 73 mm, tó ń lo ife ìta ti Shimano fún kẹ̀kẹ́ òkè, òrùka àlàfo 2.5 mm kan ló máa ń wà lápá ọ̀tún. Bí pátákó bá wọlé, òrùka náà á jáde. Lórí 68 mm, méjì ló máa ń wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Pátákó á rọ́pò ọ̀kan nínú méjì apá ọ̀tún. Ẹni tó bá gbàgbé èyí yóò ti gbogbo àwo rẹ̀ síta ní mílímítà méjì àbọ̀, yóò sì máa wá ẹ̀bi lára dìréélà tí kò ṣẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ ibi tí wáyà ti ń wá àti bí àgò ṣe ń rìn

Ẹ tẹ̀lé wáyà láti ọwọ́ gíà. Bí ó bá gba abẹ́ ilé bẹ́árìn pẹ́dà, tí ó wá gòkè láti ìsàlẹ̀ dé dìréélà, bottom pull ni ẹ ń wá. Bí ó bá gba ọ̀pá òkè, tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìjókòó, top pull ni. Àwọn dìréélà kan wà tí wọ́n ń pè ní dual pull tí wọ́n gba méjèèjì, wọ́n sì ń yọ ènìyàn nínú ìdààmú. Kẹ̀kẹ́ títì sábà máa ń fa láti ìsàlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ òkè lè fa láti ibikíbi. Níbi tí ó ti ń lọ́jú pọ̀ ni kẹ̀kẹ́ cyclocross (ti eré ìje inú ẹrẹ̀), tí wáyà rẹ̀ ń gba òkè kí ẹrẹ̀ má baà dí i, ṣùgbọ́n tí dìréélà títì tó ń fa láti ìsàlẹ̀ ni olówó rẹ̀ fẹ́ lò. Púlì kékeré kan wà tí wọ́n ń dì mọ́ ọ̀pá ìjókòó lẹ́bàá ìsàlẹ̀; wáyà á sọ̀ kalẹ̀, á yí i ká, á sì padà gòkè. Ó ń ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí mo bá rí dual pull tó wọ ibẹ̀, òun ni màá mú.

Ọ̀rọ̀ bí àgò ṣe ń rìn ló ku. Nínú down swing, ìdè wà lókè, àgò sì rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Nínú top swing, ìdè sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àgò dọ́gba, apá tó ń ti àgò sì wà lókè ìdè. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún férémù ni pé ibi tí òrùka máa jókòó sí lára ọ̀pá yàtọ̀. Bí ìdè ìgò omi bá wà lára ọ̀pá ìjókòó, tí bóòtù rẹ̀ ìsàlẹ̀ sì bọ́ sí ibi tí òrùka down swing ń fẹ́, top swing ni ọ̀nà àbáyọ. Bí oríkèé ṣọ́kì bá gba ìsàlẹ̀ ọ̀pá, down swing ló máa rí àyè. Kí ẹ tó rà á, ẹ fi téèpù kékeré sàmì sí ibi méjèèjì lára ọ̀pá, kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀.

Side swing ni ìkẹta, tí Shimano gbé wọlé pẹ̀lú XTR M9000 ní ọdún 2014. Wáyà rẹ̀ ń wá láti iwájú, àgò rẹ̀ sì ń ti ẹ̀gbẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí náà kò sí irin púpọ̀ tó yọ sẹ́yìn sí ọ̀nà táyà. Ìyẹn dára fún kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ tóbi. Ṣùgbọ́n férémù gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí wáyà lè gbà dé iwájú rẹ̀. Bí kò bá sí, àǹfààní náà kò sí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fi àwo, ìlà ṣéènì àti igun wé e

Ẹ ka iye àwo yín àti iye eyín wọn. Ó sábà máa ń wà lára àwo fúnra rẹ̀. Dìréélà àwo méjì kò lè dé orí àwo mẹ́ta. Ti àwo mẹ́ta lè ṣiṣẹ́ lórí àwo méjì, àmọ́ abala inú àgò rẹ̀ gùn sísàlẹ̀, ó sì lè máa ha nǹkan tí kò yẹ kí ó kàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ iye eyín àwo kékeré kúrò nínú ti àwo ńlá. Àwo 50 àti 34 fún wa ní 16. 53 àti 39 fún wa ní 14. Àwo mẹ́ta 44, 32, 22 fún wa ní 22. Dìréélà kọ̀ọ̀kan ní iye tó lè gbà, tí a kò gbọdọ̀ kọjá, nítorí bí a bá kọjá rẹ̀, ìrù àgò yóò máa ha ṣéènì nígbà tó bá wà lórí àwo kékeré. Lára ti àwo mẹ́ta, ìyàtọ̀ àárín àwo ńlá àti àwo àárín náà ní iye tí kò gbọdọ̀ dín sí.

Títóbi àwo ńlá fúnra rẹ̀ ṣe pàtàkì, nítorí wọ́n tẹ àgò kí ó lè bá yíyípo rẹ̀ mu. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹni tó ní braze-on dúró díẹ̀. Eyín kan lórí àwo ń mú kí etí àwo jìnnà sí àárín ní nǹkan bí 2 mm, nítorí pé oríkèé ṣéènì kan sí èkejì jẹ́ 12.7 mm. Bí wọ́n bá jó etí braze-on sí ibi tó bá àwo 53 mu, tí ẹ sì fẹ́ fi àwo 46 sí i, dìréélà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí 14 mm. Ẹ wọn ihò gígùn tó wà lára etí náà kí ẹ tó gbà pé ó máa ṣeé ṣe. Oníkíláǹpù kò ní ìṣòro yìí, nítorí òrùka lè rìn lára ọ̀pá.

Ìlà ṣéènì ni jíjìnnà tó wà láti àárín férémù dé àárín àwọn àwo. Lórí kẹ̀kẹ́ títì aláwo méjì ti Shimano, ó sábà máa ń jẹ́ 43.5 mm, ti àwo mẹ́ta jẹ́ 45 mm. Lórí kẹ̀kẹ́ òkè, 47.5, 48.8, 50 àti 51.8 mm ni ẹ ó máa rí. Bí dìréélà títì bá bọ́ sórí àwo kẹ̀kẹ́ òkè, ó lè má lè na ọwọ́ dé àwo ìta, bí ó ti wù kí ẹ fa wáyà tó.

Igun ni ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà ń fò. Wọ́n máa ń kọ 63–66° tàbí 66–69° sára dìréélà kẹ̀kẹ́ òkè Shimano, àti 61–66° sára púpọ̀ nínú ti títì. Igun tó wà láàárín ọ̀pá ìjókòó àti ọ̀pá ìsàlẹ̀ tó lọ sẹ́yìn dé táyà ni wọ́n ń sọ. Ẹ ya fọ́tò kẹ̀kẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ̀rọ ayafọ́tò dọ́gba pẹ̀lú pẹ́dà, kí ẹ wá wọn igun náà lórí fọ́tò. Bí igun kò bá bá a mu, ìrù àgò yóò ga jù tàbí kí ó lọ sílẹ̀ jù, kò sì sí síkúrú kankan tó lè tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọwọ́ gíà

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Ọwọ́ gíà kẹ̀kẹ́ títì àti ti kẹ̀kẹ́ òkè kì í fa iye wáyà kan náà, nítorí náà ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀. Ọwọ́ gíà àtijọ́ tí kò ní ìró tẹ́kẹ́tẹ́kẹ́, tí a ń rọra yí fúnra wa, kò mọ ìyàtọ̀ wọn, ó ń bá gbogbo wọn ṣiṣẹ́. Iye gíà ẹ̀yìn náà yẹ kí ó bá a mu, nítorí bí gíà ṣe ń pọ̀ ni ṣéènì ń tẹ́ẹ́rẹ́, tí àgò sì ń há.

Kíka lẹ́tà tó wà lára páálí

Lára dìréélà Shimano, FD ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà, lẹ́tà ìparí ló sì ń sọ ìso rẹ̀. F lórí ti títì jẹ́ braze-on. Lórí ti kẹ̀kẹ́ òkè, E jẹ́ E-type, D sì jẹ́ direct mount. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni lẹ́tà L. Lára òrùka àsomọ́ ti títì, S, M àti L dúró fún 28.6, 31.8 àti 34.9. Ṣùgbọ́n lára dìréélà kẹ̀kẹ́ òkè, L ń sọ pé òrùka wà nísàlẹ̀, H sì ń sọ pé ó wà lókè. Lẹ́tà kan náà, ìtumọ̀ méjì tí kò bára tan. Ẹ máa ka ìlà tó tẹ̀lé e lára páálí, níbi tí wọ́n kọ mílímítà sí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Síso rẹ̀ mọ́ férémù

Ẹ dẹ wáyà pátápátá, kí ẹ sì gbé ṣéènì sórí àwo kékeré. Bí ìrù àgò bá ní síkúrú, ẹ tú u kí ẹ ki ṣéènì sínú rẹ̀. Bí kò bá ní, ẹ ní láti já ṣéènì.

Ẹ di dìréélà mọ́ ibi tó yẹ, kí ó ṣì lè rìn bí ẹ bá tì í. Ẹ fi ọwọ́ fa àgò síta títí abala ìta rẹ̀ yóò fi wà lókè eyín àwo ńlá gẹ́lẹ́, kí ẹ sì gbé gbogbo rẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ kí àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ 1 sí 3 mm. Mo máa ń ki owó ẹyọ tí sísanra rẹ̀ tó 2 mm sí àárín wọn, kí n má baà máa fojú díwọ̀n. Ẹ wá dúró lókè kẹ̀kẹ́ kí ẹ wolẹ̀: abala ìta àgò gbọ́dọ̀ bá àwo ńlá lọ ní ọgbọọgba, bí ìlà méjì tí kò ní pàdé. Àwọn dìréélà SRAM tó ń jẹ́ Yaw yàtọ̀ díẹ̀, nítorí àgò wọn ń yí bó ṣe ń rìn. Wọ́n ní àmì tiwọn lára tí ẹ ó fi ṣe ìtọ́sọ́nà.

Ẹ wá mú bóòtù le. Lórí ọ̀pọ̀ dìréélà, 5 sí 7 Nm ni ìwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ iye tó kéré jù bẹ́ẹ̀ sára férémù kábọ́ọ̀nù, ti férémù ni kí ẹ tẹ̀lé. Lára braze-on Di2 ti Shimano, tí iná ń gbé dípò wáyà, bóòtù ìtìlẹ́yìn kékeré kan wà tó ń tẹ ara ọ̀pá. Ẹ kọ́kọ́ lẹ pátákó ààbò tó wà nínú páálí mọ́ ọ̀pá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bóòtù náà yóò jẹ ihò sínú kábọ́ọ̀nù.

Síkúrú ààlà méjì àti wáyà ló kù: L ń dá àgò dúró lápá inú, H ń dá a dúró lápá ìta. Ẹ fi ṣéènì sórí àwo kékeré níwájú àti gíà tó tóbi jù lẹ́yìn, kí ẹ yí síkúrú L títí abala inú àgò yóò fi jìnnà sí ṣéènì ní ìdajì mílímítà tàbí kí ó dín. Ẹ wá so wáyà, ẹ fà á kí ó má dẹ̀, kí ẹ sì di bóòtù rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ṣéènì sórí àwo ńlá àti gíà tó kéré jù lẹ́yìn, kí ẹ sì ṣe síkúrú H bákan náà fún abala ìta. Bí ṣéènì bá ń já sí ẹ̀gbẹ́ pẹ́dà, H ṣí jù. Bí ó bá ń já sí ara férémù, L ló ṣí jù. Bí ó bá ń lọ́ra láti gun àwo ńlá, wáyà ló dẹ̀.

Ẹ gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè, kí ẹ yí pẹ́dà, kí ẹ sì máa ti gíà lọ bọ̀ nígbà mẹ́wàá ó kéré tán. Wáyà tuntun yóò na díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ ó tún un fà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ṣì tún fi àlẹ́ńkíì kan bóòtù ìdè nígbà náà, kí ẹ mọ̀ bóyá òrùka ti rọra yí lára ọ̀pá.